Ẹ̀rọ Arúgbó Tí Ó Ń Dúró De Arọ́pò

Ẹ̀yin òbí wa ní Vickery Meadow, bí ẹ bá béèrè fún food stamp tàbí Medicaid fún àwọn ọmọ, inú kọ̀ǹpútà ìjọba ìpínlẹ̀ Texas ni orúkọ wọn ń wọ̀. Láti nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1970, orí mainframe ni ètò tí ń ṣe iṣẹ́ náà wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ìjọba àti báńkì fi ń ṣírò fún àìmọye ènìyàn. SAVERR ni orúkọ ètò náà. Ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán arọ́pò rẹ̀, TIERS, wò ní káńtì Travis àti Hays. Ọdún 2011 ni gbogbo ìpínlẹ̀ tó bọ́ sórí rẹ̀. Ọdún 8 gbáko ni arúgbó náà tún fi ru ẹrù lẹ́yìn tí arọ́pò rẹ̀ ti dé!

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ewu wà fún ilé-iṣẹ́ púpọ̀ (n kò sọ pé Texas ṣe àìbìkítà). Mainframe ní sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ tí ń darí rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 5 ni IBM fi ń tọ́jú ẹ̀dà z/OS kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀dà 2.4 parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtọ́jú lẹ́yìn náà yóò san owó ọ̀tọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀gá yóò ti wí pé, “Kí la fẹ́ náwó lé e lórí fún? Ọdún tí ń bọ̀ ni a ó pa á tì.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí akápò. Ṣùgbọ́n baálé tí ó ń kọ́ ilé tuntun, tí kò sì tún òrùlé ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn ṣe mọ́, ṣé òjò yóò dúró dè é ni?

Bí olè bá rí ihò tuntun, kò sí ẹni tí yóò dí i. Bí ẹ̀rọ bá dákú lóru, kò sí ẹni tí a ó pè. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò pàápàá ti ń fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Gómìnà Phil Murphy ti New Jersey ní láti kéde ní gbangba pé àwọn ń wá ẹni tí ó gbọ́ COBOL, nítorí mainframe tí ń ṣètò owó aláìríṣẹ́.

Àwa ará Dallas mọ bí ìdákú kọ̀ǹpútà ti rí, bí kì í tilẹ̀ ṣe mainframe ni ó fa tiwa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn tí a ń pè ní Royal dá kọ̀ǹpútà ìlú dúró. Ilé-ẹjọ́ ìlú ti ilẹ̀kùn, àwọn tí ń gba ìpè 911 sì padà sí fífi ọwọ́ kọ̀wé.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní àwọn ń ṣí lọ sórí ẹ̀rọ tuntun, ẹ tètè gba ẹ̀dà ìwé tí ó fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ yín, ọjọ́ tí ẹ lọ àti orúkọ òṣìṣẹ́ tí ó dá yín lóhùn sílẹ̀. Ẹ kó wọn pọ̀ mọ́ ìwé ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi han ọmọ tí ó dàgbà jù nílé ibi tí wọ́n wà.