Wíwá Àṣìṣe Nínú Kọnténà: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bójú Tó Ètò Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwòsàn

Ètò tí wọ́n fi ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀ lè máa lọ geere lórí kọ̀ǹpútà yín, kó wá dé inú kọnténà Docker lórí sáfà, kó máa yọ yín lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ a máa ki print bọ inú kóòdù, wọn a tún kọnténà kọ́, wọn a tún máa retí. Ẹ lè jókòó síbi tí ẹ wà, kí ẹ fi VS Code dá ètò náà dúró lórí ìlà tó wù yín, kí ẹ sì rí ohun tó wà nínú variable kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi debugpy, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe nínú Python, sínú kọnténà, kí ẹ fi àṣẹ yìí gbé ètò náà dìde:

python -m debugpy --listen 0.0.0.0:5678 --wait-for-client app.py

Bí ẹ bá kọ 127.0.0.1 dípò 0.0.0.0, inú kọnténà nìkan ni yóò mọ, ará ìta kò ní rí i kàn. --wait-for-client ní tirẹ̀ ń mú kí ètò dúró dè yín. Ó dára púpọ̀ fún àṣìṣe tó ń yọjú gbàrà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ dáadáa bó bá kan ṣíṣí pọ́ọ̀tù. Ẹ má kọ -p 5678:5678 sínú àṣẹ docker run. Debugpy kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn sí i. Ẹni náà lè pa àṣẹ tó bá fẹ́ fún ètò, kó sì ka àkọsílẹ̀ aláìsàn tán. Ẹ má sì gbọ́kàn lé ufw tó ń ṣọ́ pọ́ọ̀tù sáfà, torí Docker ń kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables, ufw kò sì ní lè dá a dúró. Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

-p 127.0.0.1:5678:5678

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà SSH wọlé láti orí kọ̀ǹpútà yín:

ssh -L 5678:localhost:5678 orukọ@safa

Nínú launch.json, ẹ yan attach, kí ẹ kọ localhost àti 5678. Bí àmì pupa tí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìlà bá di àwọ̀ eérú, pathMappings ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: localRoot ni fódà tó wà lọ́dọ̀ yín, remoteRoot ni ti inú kọnténà, bíi /app. Kóòdù ọwọ́ yín àti ti inú kọnténà kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ síra.

Ẹ má ṣe èyí lórí sáfà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò lọ́wọ́. Bí ètò bá dúró lórí ìlà kan, aláìsàn tó wà níwájú nọ́ọ̀sì náà yóò dúró. Orúkọ rẹ̀ àti àìsàn rẹ̀ yóò sì hàn sí yín gbangba, bẹ́ẹ̀ Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra gidi. Ẹ ṣe ẹ̀dà ètò náà, kí ẹ fi orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ yọ debugpy kúrò, kí ẹ tún kọnténà kọ́, kí ẹ wá tẹ docker ps. Bí ẹ bá rí 0.0.0.0:5678 lábẹ́ PORTS, ẹ pa kọnténà náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé òmíràn dìde láìṣí pọ́ọ̀tù yẹn.