Bí Iṣẹ́ Bá Ku Ìdajì: Kí Ni Kí Àgbà Fi Ọjọ́ Rẹ̀ Ṣe?

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ àti fún àwọn ará ilé wọn

Òfin ti sọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú nínú méjèèjì, ilé yá nìyẹn. Òfin ọdún 2022 sún ti àwọn tíṣà sí ọmọ 65 ọdún tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì sì lè ṣe é dé 70. Ohun tí kò sí nínú òfin kankan ni ohun tí ẹni náà yóò máa ṣe láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

Dídín iṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń fún bíríkìlà tàbí mẹkáníìkì ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Ní ìsọ̀ aránṣọ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọmọṣẹ́ ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń fi téèpù wọn èjìká oníbàárà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ, òun náà ló sì ń gé agbádá, torí bí ọwọ́ bá ṣì níbẹ̀, aṣọ olówó ńlá ló bàjẹ́ yẹn. Àmọ́ bọ́tìnnì rírán àti àìsùn ọdún Iléyá ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Èyí tó ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé kò ni ín lára mọ́ ló mú dání, èyí tí ojú àti ìbàdí kò gbà mọ́ ló gbé fún ọmọṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ ìdajì kò lè rí àwòkọ́ṣe tó dára ju èyí lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kì í pẹ́ rí iṣẹ́ ní ọsibítù aládàáni. Iṣẹ́ òru ni wọ́n sì sábà máa ń fi lọ̀ ọ́, torí òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún. Bẹ́ẹ̀ òru gan-an ló yẹ kí ẹni ọgọ́ta ọdún kọ́kọ́ yọwọ́ nínú rẹ̀: wákàtí méje sí mẹ́jọ ni ara àgbà ṣì nílò láti fi sùn, oorun ọ̀sán kì í sì í dí i. Ní ti tíṣà, lẹ́sìnnì àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ló máa ń wá bá a. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n á jọ fi ẹnu lásán ṣàdéhùn rẹ̀. Kí táàmù tó parí, ó ti di márùn-ún, owó ò sì kúrò níbi tó wà. Ó sàn kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ adìyẹ sísìn. Bóyá ni ètò kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fẹ́ràn tó o, bóyá ni ètò mìíràn sì wà tó ń jẹ ọjọ́ èèyàn tó o. Ọmọ adìyẹ ẹlẹ́yin máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, jíjẹ ló sì ń jẹ ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tó bá wá ń yé, ọgọ́rùn-ún adìyẹ á máa jẹ nǹkan bíi kílò 11 sí 12 lójúmọ́, ìyẹn ni pé àpò oúnjẹ oníkílò 25 kan kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ọjọ́ méjì. Omi wọn ń fẹ́ pípààrọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn ní ọjọ́ tirẹ̀, wọn kò sì mọ ọjọ́ Àbámẹ́ta yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Ẹni tó fẹ́ràn òde tó wá lọ sin adìyẹ 500 láìgba ọmọṣẹ́ ti gba iṣẹ́ tó le ju èyí tí ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn ín ládùúgbò, kó sì bá a lọ sínú ilé adìyẹ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, láti aago mẹ́fà àárọ̀, kó tó ra ẹyọ kan.

Ebè ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ̀tẹ̀ ti tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewédú láàárín mẹ́rin sí mẹ́fà, bí èèyàn bá sì rìnrìn àjò fún ọjọ́ méjì, aládùúgbò á bá a bomi rin ín. Kí ẹni tí ìbàdí ń dùn jókòó sórí àpótí tu koríko, kó má bẹ̀rẹ̀.

Owó àti àkókò kò ṣeé yà kúrò lára ara wọn. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá mẹ́wàá tì í, ó kéré tán. Lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì, apá kan ni wọ́n lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyókù ń wọlé díẹ̀díẹ̀, yálà láti iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà tàbí láti iléeṣẹ́ adójútòfò. Owó tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ń pe àwọn ènìyàn jáde nílé: ẹni tó ń ta ilẹ̀, ẹni tó ń ta ọkọ̀, mọ̀lẹ́bí tó ní òwò tí kò lè kùnà. Ohun tí ìwé yìí rò ni pé kí owó náà sinmi ní báńkì fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mọ bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti rí.

Ẹgbẹ́ àti ọgbà kì í ṣe eré lásán nínú ètò ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọdún 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbà Yorùbá tó ń gbé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn tó ń ra iyè ń mú lọ́dọọdún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Ohun tó fà á pọ̀, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èsì náà yangàn pé àrùn ìgbàgbé kì í ṣe Yorùbá. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n tún ṣe láti Ìbàdàn, láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí wọ́n lé ní 2,000 ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, rí i pé àjọṣe pẹ̀lú ẹbí àti kíkópa nínú ohun tó ń lọ ládùúgbò wà lára ohun tó so mọ́ ìgbádùn ayé àgbàlagbà jù lọ.

Nítorí náà, ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àsàlátù, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àjọ ọlọ́ṣooṣù, gbogbo wọn ló yẹ kó ní ọjọ́ tí a mọ̀ mọ́ wọn. Ayò ọlọ́pọ́n náà ní àyè tirẹ̀: ọmọ ayò 48 nínú ihò 12, pẹ̀lú ìṣirò tó ń lọ lórí ọ̀ta kí ọwọ́ tó dé ihò, kì í jẹ́ kí ọpọlọ sùn. Òde àríyá ọjọ́ Àbámẹ́ta ń kóni jọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí mẹ́rin lóṣù kan kò bá owó ìdajì mu. Kí wọ́n kí olóde, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n wọ aṣọ èṣí.

Ọmọọmọ wá ńkọ́? Ìbùkún ni, àmọ́ àwọn òbí ọmọ máa ń gbàgbé pé àgbà náà ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n á gbé ọmọ wá ní aago mẹ́fà ìdájí, wọ́n á gbé e lọ ní aago méje alẹ́, torí pé "Màmá ò kúkú ń ṣe nǹkan kan." Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí gbogbo wọn jọ fẹnu kò sí ti tó. Ti àwọn tó ń lọ tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù tún le sí i, nítorí físà àbẹ̀wò sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù mẹ́fà nínú ilé, nígbà òtútù, láìsí ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n lè yà kí! Kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú, kí wọ́n bèèrè ìgbà tí ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn yóò tún ṣe àyẹ̀wò ẹni tó ṣì wà láyé, kí wọ́n sì bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí oògùn tí wọn yóò lò dé ìgbà tí wọ́n bá padà.

Ẹ̀kọ́ tún wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti pé ọmọ 80 ọdún nígbà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì ní yunifásítì NOUN, níbi tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé rẹ̀.

Ní ti ara, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni ọdún 65 sókè máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ márùn-ún ti kún un. Wọ́n tún ní kó máa ṣe ohun tí kì í jẹ́ kí ara ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bíi kó di tábìlì mú kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, nítorí ìṣubú ló ń dá egungun ìbàdí. Iyọ̀ oòjọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, èyí tó wà nínú Maggi sì wà nínú ìṣirò náà. Ẹ̀jẹ̀ tí òǹkà rẹ̀ bá ń dé 140 lórí 90 lemọ́lemọ́ ti ru. Ohun kan tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bá pàdé ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé nígbà iṣẹ́ tó wá ń gbàgbé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, nítorí tíì ìdájí kí ọkọ̀ ọ́fíìsì tó dé ló so oògùn náà mọ́. Kó wá nǹkan mìíràn tí kì í yẹ̀ lójúmọ́ so ó mọ́, bíi ìrun àsùbáà tàbí ìròyìn àárọ̀ orí rédíò.

Ọsibítù UCH n'Ìbàdàn ti ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè, láti ọdún 2012. Ẹni tó jìnnà síbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú, torí gùlókómà kì í sábà dunni títí yóò fi gba ojú. Kó kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan dání, títí kan àgbo tó ń rà lọ́wọ́ ìyá alágbo àti oògùn orúnkún dídùn tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún un, nítorí díẹ̀ nínú oògùn ara ríro máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.