A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ: Ìtàn Ìjókòó Mẹ́ta Tí Ó Ṣófo ní Ọsirélíà

Bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìjókòó tí ó bá ṣófo ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tí àwọn ará ìlú dìbò yàn lè kú, ó lè fi ipò sílẹ̀, wọ́n sì lè gbé e lọ sí ipò mìíràn. Àga rẹ̀ kò ní í pẹ́ ṣófo kí ojú àwọn olóṣèlú tó dà sí i. Níbi tí òfin bá ti ní kí àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ yan arọ́pò, láìpadà tọ ará ìlú lọ, ibẹ̀ ni dúnàádúrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì, ní Kánò, ní Kàdúná àti ní àwọn ìlú mìíràn tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé yín dé. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá yan ẹnì kan láti máa bá wọn jókòó nínú àjọ gbogbo ẹgbẹ́ Yorùbá, tí iṣẹ́ sì gbé ẹni náà kúrò ní ìlú, ta ni yóò yan arọ́pò rẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ tí ó rán an ni, tàbí àwọn tí ó bá lọ́hùn-ún tí wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa gbè sí tiwọn? Ìbéèrè kékeré ni lójú. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, láàrin 1974 sí 1975, ìbéèrè yìí kan náà ni ó dojú ìjọba odindi orílẹ̀-èdè dé.

ÒFIN ÀTI ÀṢÀ

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni ó para pọ̀ di Ọsirélíà. Ní 1974, ọgọ́ta ni iye àwọn ọmọ ilé Sẹ́nétì, mẹ́wàá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́fà ni sáà wọn, ìdajì wọn a sì máa padà lọ dojú kọ ìbò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1901, sọ ní apá kẹẹ̀ẹ́dógún pé bí ìjókòó sẹ́nétọ̀ kan bá ṣófo ní àìròtẹ́lẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ó ti wá ni yóò yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ di ìgbà ìdìbò tí ń bọ̀.

Òfin náà kò sọ irú ènìyàn tí wọn yóò yàn. Àṣà ni ó bá wọn dí àlàfo yìí. Láti 1949, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí pín ìjókòó Sẹ́nétì gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìbò tí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan bá ní, ó ti di àṣà pé ọmọ ẹgbẹ́ ẹni tí ó kú tàbí tí ó fi ipò sílẹ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ alátakò ń ṣàkóso pàápàá a máa bọ̀wọ̀ fún àṣà yìí. Ṣùgbọ́n àṣà kò ní ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ. Ìtìjú nìkan ni ó ń pa á mọ́, ọjọ́ tí ìtìjú bá sì tán lójú ẹnì kan, àṣà náà tán nìyẹn.

ÒRU EDÉ

Ní oṣù Kejìlá 1972, ẹgbẹ́ Labor, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọlé ìbò lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti wà ní ipò alátakò. Gough Whitlam di Olórí Ìjọba. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé aṣòfin kejì, ṣùgbọ́n kò ní agbára ní ilé Sẹ́nétì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń da àwọn àbá òfin rẹ̀ nù.

Ìdìbò sí ìdajì ilé Sẹ́nétì ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún 1974. Ìpínlẹ̀ Queensland yóò yan sẹ́nétọ̀ márùn-ún. Àwọn olóṣèlú Labor jókòó, wọ́n ṣírò: bí ó bá jẹ́ márùn-ún, méjì ni ó lè kàn wọ́n, bí ó bá di mẹ́fà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí mẹ́ta gbà. Báwo ni márùn-ún yóò ṣe di mẹ́fà? Kí sẹ́nétọ̀ kan tí sáà rẹ̀ kò tíì pé kúrò lórí àga ni.

Wọ́n rí ẹni tí wọ́n lè bá sọ ọ́. Vince Gair ti ṣe Pírẹ́míà Queensland láti 1952 sí 1957. Nígbà tí à ń wí yìí, sẹ́nétọ̀ ni fún ẹgbẹ́ kékeré kan tí ó ti yapa kúrò lára Labor, ẹgbẹ́ náà sì ti yọ ọ́ nípò olórí wọn ní 1973. Ìjọba Whitlam fi ipò ikọ̀ orílẹ̀-èdè sí Írẹ́lándì lọ̀ ọ́, ó sì gbà. Ní gbangba, iṣẹ́ ni wọ́n fún àgbà òṣèlú. Ní abẹ́lẹ̀, àga rẹ̀ ni wọ́n ń rà.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1974 ni ọ̀rọ̀ náà hú jáde nínú ìwé ìròyìn. Gair kò tíì kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ fún Olórí ilé Sẹ́nétì. Joh Bjelke-Petersen, Pírẹ́míà Queensland, tí kò fẹ́ràn Labor rárá, kò fi àkókò ṣòfò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fa Gair wọ yàrá ọ́fíìsì kan nílé aṣòfin, wọ́n gbé bíà àti edé kalẹ̀ fún un, wọ́n sì bá a ṣe fàájì títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an. Ibi tí ó ti ń jẹ edé lọ́wọ́ ni Gómìnà Queensland ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìdìbò sí ìjókòó márùn-ún péré. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Títí di òní, Òru Edé ni àwọn ará Ọsirélíà ń pe òru ọjọ́ náà, wọ́n sì ń fi ṣẹ̀rín.

Inú bí àwọn alátakò, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò dá owó ìjọba dúró ní ilé Sẹ́nétì. Whitlam bá ní kí wọ́n tú ilé méjèèjì ká, kí gbogbo ìjókòó padà sọ́dọ̀ ará ìlú. Nínú ìdìbò ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún 1974, Labor tún wọlé, ṣùgbọ́n ní ilé Sẹ́nétì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ní, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì ni àwọn ẹgbẹ́ alátakò tí ó para pọ̀ ní. Àwọn méjì tí ó kù dá dúró. Gair lọ sí Dublin ní tirẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1976. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ta nítorí àga rẹ̀ kò mú èrè kankan wá. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

ÀṢÀ WÓ

Òṣìṣẹ́ Labor tí ó bá rò pé àwọn nìkan ni ó mọ ọgbọ́n rírọ́ àga kò ní í pẹ́ rí i pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ní oṣù Kejì 1975, Whitlam gbé Lionel Murphy, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba rẹ̀, tí ó tún jẹ́ sẹ́nétọ̀ láti New South Wales, lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Àga Murphy ṣófo. Tom Lewis, Pírẹ́míà New South Wales láti inú ẹgbẹ́ Liberal, kọ̀ láti tẹ̀lé àṣà. Ó ní ikú àti àìsàn nìkan ni àṣà náà wà fún, kì í ṣe ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé kúrò. Cleaver Bunton, méyọ̀ ìlú Albury, arúgbó tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà yàn. Olóòótọ́ ènìyàn ni Bunton: nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ìjọba dé, kò dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó fẹ́ dá a dúró. Ṣùgbọ́n odi ti lanu, aláǹgbá sì ti rí ọ̀nà wọlé.

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà 1975, Bertie Milliner, sẹ́nétọ̀ Labor láti Queensland, kú. Ikú ni èyí, kì í ṣe ọgbọ́n òṣèlú. Labor fi orúkọ Mal Colston ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí arọ́pò. Bjelke-Petersen kọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n kó orúkọ mẹ́ta wá kí òun ṣà nínú wọn. Labor ní orúkọ kan náà ni àwọn ní. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, ilé aṣòfin Queensland yan Albert Field, ọkùnrin tí ń kun àga àti tábìlì, tí ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ Labor, ṣùgbọ́n tí ó sọ ní gbangba pé òun lòdì sí Whitlam. Ẹ wo àrékérekè: ọmọ Labor ni wọ́n fi rọ́pò ọmọ Labor, ṣùgbọ́n ọ̀tá olórí Labor ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e jáde. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ pé kò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba dáadáa nígbà tí wọ́n yàn án, ó sì gba ààyè kúrò ní ilé láti oṣù Kẹwàá.

Field kò sí nínú ilé láti dìbò, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ náà tó. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́nétọ̀ tí ó dá dúró ti wọ ẹgbẹ́ Liberal ṣáájú àkókò yìí. Alátakò wá jẹ́ ọgbọ̀n, àwọn tí ó kù jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ní àárín oṣù Kẹwàá 1975, lábẹ́ Malcolm Fraser, alátakò fi ìbò ẹyọ kan yìí sún ètò ìnáwó ìjọba síwájú, wọ́n ní àwọn kò ní í jẹ́ kí ó kọjá àfi bí Whitlam bá gbà láti lọ dìbò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó dúró ṣinṣin ti Labor ni ó wà lórí àga Milliner, ọgbọ̀n sí ọgbọ̀n ni ìbá jẹ́. Ní ilé Sẹ́nétì Ọsirélíà, àbá tí ìbò rẹ̀ bá dọ́gba ti kùnà. Lóòótọ́, ètò ìnáwó fúnra rẹ̀ náà kì bá tí rí ìbò tí ó tó láti kọjá, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn alátakò kì bá tí tẹ ọ̀bẹ tí wọ́n fi dúnbú ìjọba.

Fún nǹkan bí oṣù kan, owó ìjọba ń gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá 1975, Gómìnà-Àgbà, John Kerr, ẹni tí Whitlam fúnra rẹ̀ dábàá fún ipò náà, yọ Whitlam kúrò, ó sì fi Fraser jẹ Olórí Ìjọba fìdíhẹ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá, ará ìlú dìbò, ẹgbẹ́ Fraser àti àwọn tí ó bá a ṣe sì kó ìjókòó 91 nínú 127.

ÌDÁJỌ́ ARÁ ÌLÚ

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé ará ìlú tí ó lé Whitlam náà ni ó tún dá àwọn Pírẹ́míà lẹ́bi. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún 1977, lábẹ́ ìjọba Fraser, wọ́n bi gbogbo ìlú bóyá kí àṣà àtijọ́ di òfin. Àwọn tí ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lé ní 73 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì gbà á. Láti ìgbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni ó gbọ́dọ̀ rọ́pò sẹ́nétọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì lé ẹni tí wọ́n yàn kí ó tó jókòó, yíyàn náà ti di òfo.

Ṣé dúnàádúrà wá parí? Rárá o. Agbára kàn ṣí kúrò lọ́wọ́ Pírẹ́míà bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ni, àwọn ni ó ń yan ẹni tí yóò jókòó fún ará ìlú tí kò dìbò fún un. Mal Colston tí Bjelke-Petersen kọ̀ ní 1975 fi ìbò wọ Sẹ́nétì ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ní 1996, ọkùnrin tí Labor tìtorí rẹ̀ jà yìí fi Labor sílẹ̀, ó di igbá-kejì Olórí Sẹ́nétì pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba alátakò Labor, ìbò rẹ̀ sì wà lára èyí tí ó jẹ́ kí wọ́n ta ìdá kan nínú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba. Òfin lè dí ihò eku. Kò lè yí inú eku padà.

TIWA ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà, láti 1960 sí 1966, ará ìlú kì í dìbò yan sẹ́nétọ̀. Yíyàn ni wọ́n ń yàn wọ́n. Láti 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí dìbò fún wọn. Lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀ 1999, bí ìjókòó bá ṣófo ní ilé aṣòfin àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ìdìbò mìíràn ni àjọ elétò ìdìbò yóò ṣe fún àgbègbè náà. Gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan arọ́pò, olórí ẹgbẹ́ pàápàá kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Owó ń bá a lọ, wàhálà sì ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tilẹ̀ yọjú sí irú ìdìbò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àga kan péré ni.

Àga kan péré ni àga Milliner náà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, tí orúkọ yín wà nínú ìwé ìdìbò níbi tí ẹ ń gbé, ẹ má fi ojú kékeré wo ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín láti wá yan arọ́pò aṣojú yín. Ibi tí olórí kò bá yọjú ni onígbàjámọ̀ ti ń rí ààyè ṣe bí ó ti wù ú, àwọn baba wa sì ti wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.