Olúmọ àbí Òkè Ìdànrè?

Ẹni tó ń gbé Baṣọ̀run n'Ìbàdàn tó fẹ́ lọ wo bí àwọn baba wa ṣe fi òkè ṣe odi, ọ̀nà méjì ló wà fún un. Ó lè la ìlú kọjá sí ìhà Àpáta, kó wọ mọ́tò Abẹ́òkúta lọ sí Olúmọ. Ó sì lè lọ wọ mọ́tò ní Ìwó Road tó wà nítòsí wa, kó gba Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè. Olúmọ kò jìnnà. Ní ti Ìdànrè, kó múra àtisùn.

Olúmọ rọrùn lóòótọ́. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbénisókè síbẹ̀ nítorí àwọn arúgbó. Ihò tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi ń lọ nǹkan, láti ìgbà tí Ṣódẹkẹ́ olórí wọn kó wọn débẹ̀ ní 1830, ṣì wà lára àpáta. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan: ó jọ̀lọ̀ bí inú odó. Àmọ́ ibi ìsásí ni Olúmọ. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú dó sí.

Ìlú odindi ló wà lórí òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn 667 lèèyàn ń gùn (ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ẹ má tijú láti jókòó). Bí ẹ bá dókè, ẹ ó rí ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, tòun ti òpó gbígbẹ́ tó wà lágbàlá rẹ̀, àti kóòtù tí wọ́n kọ́ ní 1906. Ogun kọ́ ló lé wọn kúrò níbẹ̀. Ogun ti tán, mọ́tò kò sì lè gun òkè, ni wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Òdòdè nísàlẹ̀ òkè títí di nǹkan bí 1933. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń gòkè lọ bọ òrìṣà Orósùn lọ́dọọdún.

Ìdànrè lèmi yóò mú. Olúmọ fi ibi tí wọ́n sá pamọ́ sí hàn mí. Ìdànrè fi ibi tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń dájọ́, tí ọba wọn ń jókòó sí hàn mí. Láti 2007 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn ibi tó ń retí àtidi ohun ìní gbogbo ayé. Ìrètí yẹn kò ní kí òjò má jẹ ògiri amọ̀. Bí owó bá wà, kí wọ́n má tíì ra ẹ̀rọ agbénisókè. Ọ̀mọlé tó mọ amọ̀ í pò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.