Kí Wọ́n Tó Yọ Pùròpẹ́là Ọkọ̀ Yín

Honda CR-V àtijọ́ kún ìgboro wa bámú. Oríṣi méjì àkọ́kọ́ ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n tà l'Amẹ́ríkà láti 1997 títí dé 2006, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó wá sí Èkó ní tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tiyín, tí ẹ rí ọ̀pá irin gígùn kan tó ti iwájú lọ bá ẹ̀yìn, ó wà lára wọn nìyẹn. Ọ̀pá náà ni wọ́n ń pè ní pùròpẹ́là.

Àìsàn kan wà tó máa ń ṣe ọkọ̀ yìí tó bá ti dàgbà. Bí ẹ bá ń lọ tààrà lójú títì, kò sí ohun tó ṣe é. Àfìgbà tí ẹ bá dé ẹnu géètì, tí ẹ yí sítíárì dé òpin láti wọlé, ni ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ tábìlì wúwo lórí símẹ́ńtì. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn á mọ̀ ọ́n lára. Mẹkáníìkì á tẹ́tí sí i, á ní: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ pùròpẹ́là yẹn dànù. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe nígboro? Epo tó ń jẹ náà á dín kù."

Ẹ ní kó dúró ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì tó ti gbó ló ń fa ariwo yìí, ọ́ìlì náà ò sì ju nǹkan bíi lítà kan lọ. Ẹni tó bá lè di sípánà mú lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó dùn mí tí mo bá rí ọkọ̀ tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ méjì nítorí ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Táyà iwájú ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí nígbà gbogbo. Pùròpẹ́là ń bá iwájú yí, ó ń gbé yíyí náà lọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò so mọ́ táyà ẹ̀yìn ní tààrà. Ẹnu àpótí irin kan tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló parí sí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní dífì. Inú àpótí yẹn ni Honda kó ọgbọ́n sí. Pọ́ǹpù ọ́ìlì kékeré méjì ló wà níbẹ̀: pùròpẹ́là ló ń yí ọ̀kan, táyà ẹ̀yìn ló ń yí èkejì. Nígbà tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí bákan náà, ọ́ìlì tí pọ́ǹpù kìíní tì jáde ni pọ́ǹpù kejì ń fà mu. Ọ́ìlì kàn ń yí ká ni. Ṣùgbọ́n bí táyà iwájú bá kó sínú ẹrẹ̀ tó ń yí lásán, pọ́ǹpù tirẹ̀ á yára ju ti ẹ̀yìn lọ, ọ́ìlì tó ń tì jáde á sì pọ̀ ju èyí tí èkejì lè gbà. Àṣẹ́kù yẹn ló máa ń ti àwọn pélétì kílọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ mọ́ra wọn. Bí pélétì bá ti fún mọ́ra, pùròpẹ́là àti táyà ẹ̀yìn ti di ọ̀kan, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún un. Ọ́ìlì ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ́ìlì náà fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ̀rọ̀ ló ń ké? Ẹ wo ipa táyà lórí iyanrìn níbi tí ọkọ̀ kan ti yí. Ti ẹ̀yìn máa ń gba inú kọjá, ti iwájú á sì gba ìta. Ọ̀nà tí táyà iwájú rìn jìn ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí náà pọ́ǹpù iwájú á yára díẹ̀, pélétì á sì fara kan ara wọn díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá dára, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí pélétì yọ̀ lórí ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí èròjà yẹn bá ti tán, pélétì á mú, á jọ̀wọ́, á tún mú, á tún jọ̀wọ́, lemọ́lemọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí etí yín ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹ má ṣe sáré lọ ra ọ́ìlì o, torí kì í ṣe gbogbo ariwo ló wá látinú dífì. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí pápá tó ṣófo, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀, ẹ yí sítíárì dé òpin, kí ẹ máa rìn jẹ́jẹ́ ní òbìrípo, kí ẹnìkan sì dúró lókèèrè, kó máa tẹ́tí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń kùn, ẹ ti mú un. Bó bá jẹ́ iwájú ló ń dún tá-tá-tá nígbà tí ẹ tẹ iná mọ́ ọn, orí ṣáàfù iwájú ni. Ẹ wo rọ́bà tó bò ó, ẹ óo rí i pé ó ti ya, gíríìsì sì ti fọ́n sí inú wíìlì. Bó bá jẹ́ ariwo híhan ni, tó ń pọ̀ bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀, yálà ẹ yí sítíárì tàbí ẹ ò yí i, bẹ́árìnì tàbí táyà tó jẹ ségesège ló fà á. Ọ̀nà tí ẹ óo fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí ẹ gba ojú ọ̀dà dídán bọ́ sí èyí tó rí ságaságà: ohùn táyà á yí padà, ti bẹ́árìnì ò ní yí. Èyí tó bá ń dún "gbì" nígbà tí ẹ bá kúrò ní R bọ́ sí D, ẹ wo jọ́ìntì pùròpẹ́là àti ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fa àńdùbíréèkì, ẹ fi gíà sí N, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ fọwọ́ yí pùròpẹ́là síwá sẹ́yìn. Bí jọ́ìntì bá ti jẹ, ọwọ́ yín á mọ̀.

Ohun tí mi ò rí kí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni táyà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa ọ̀pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ yìí. Táyà 205/70R15 tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò máa ń rin nǹkan bíi mítà 2.1 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní eyín táyà kan ti fi mìlímítà 5 jẹ ju ti èkejì lọ, yíyí kan rẹ̀ á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 kéré. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní kìlómítà kan péré, táyà tó ti jẹ yẹn ní láti yí nígbà bíi 7 ju tuntun lọ kí wọ́n tó lè jọ dé. Láti Èkó dé Ìbàdàn, á ti lé ní 900. Tó bá jẹ́ méjèèjì iwájú ló ti jẹ, tí ẹ wá ra méjì tuntun sẹ́yìn, ńṣe ni pọ́ǹpù iwájú á máa yára ju ti ẹ̀yìn lọ ní gbogbo ọ̀nà tààrà yẹn. Pélétì ò ní sinmi, ọ́ìlì á máa gbóná, ọ̀rọ̀ géètì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan á sì dé kíákíá.

Ẹ ò nílò irinṣẹ́ olówó ńlá láti mọ̀ bóyá táyà yín dọ́gba. Ẹ lọ bá fọkanáísà kó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ tó yẹ. Iye rẹ̀ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ wá gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́ tó gùn díẹ̀. Ẹ fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ gan-an. Ẹ ní kí ẹnìkan wa ọkọ̀ náà lọ síwájú tààrà, jẹ́jẹ́, kí ẹ máa ka yíyí táyà kan títí á fi pé 10, tí ìlà rẹ̀ á tún kan ilẹ̀. Ẹ ní kó dúró, ẹ wo mẹ́ta yòókù. Bí ìlà wọn náà bá wà nísàlẹ̀, táyà yín dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ mìlímítà 5 tí mo sọ yẹn bá wà níbẹ̀, ìlà ti táyà tó ti jẹ á ti kọjá ilẹ̀ dáadáa, ní nǹkan bí ìdá kan nínú méje yíyí kan. Ojú lásán á rí i. Tí owó bá wà, ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀, oríṣi kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú, látìgbàdégbà, kí wọ́n lè jọ máa jẹ.

Ó wá ku ọ́ìlì. Èyí tí Honda ṣe fún dífì yìí, "Dual Pump Fluid II" ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Gíà ọ́ìlì 90 tí wọ́n ń rọ sí dífì ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá. Ó ki jù, kò sì ní èròjà tí pélétì ń fẹ́. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé ọ́ìlì dífì kan náà ni gbogbo wọn, ẹ má gbà fún un.

Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó lè ṣàn. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́, ẹ pa á, ẹ dí táyà. Ọkọ̀ yìí ga nílẹ̀, ẹni tí kò sanra jù lè rá wọ abẹ́ rẹ̀ láìlo jáàkì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè, ẹ gbé iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀ kó lè wà ní títẹ́, kí ẹ sì fi irin ìdúró tó lágbára gbé e. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e ró. Ẹ ṣọ́ra fún páìpù èéfín pẹ̀lú, torí á ṣì gbóná.

Lára dífì, ẹ óo rí nọ́ọ̀tì ìdérí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ihò onígun mẹ́rin ló wà láàárín wọn, orí irin tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀sì sípánà, èyí tó jẹ́ 3/8 íńṣì, ló sì ń wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́ láìfi bọ́ọ̀sì kankan sí i. Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ inú ihò náà kúrò dáadáa kí irin lè jókòó. Ti òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá tú ti ìsàlẹ̀ ṣáájú, tí ọ́ìlì jò tán, tí ti òkè wá kọ̀ tí kò tú, ọkọ̀ ò ní lè kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ti òkè bá ti tú, ẹ gbé abọ́ sábẹ́, ẹ tú ti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ohun tó bá jáde. Ọ́ìlì dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná ti pẹ́ jù. Bí nǹkan rírọ̀ bí ẹ̀bu dúdú bá lẹ̀ mọ́ ìdérí, ẹ nù ún kúrò, pélétì ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí ẹ̀rún irin tó ń dán, tí ìka lè mú, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọ́ìlì nìyẹn. Dífì mìíràn ni kí ẹ lọ máa wá.

Ẹ fi wọ́sà tuntun dí ti ìsàlẹ̀. Kò sí ààyè fún ike ọ́ìlì láti dojú bolẹ̀ lókè dífì, nítorí náà ẹ lo pọ́ǹpù ọwọ́, tàbí kí ẹ fi rọ́bà gígùn àti àrọ rọ ọ́ láti òkè. Ẹ rọ ọ́ títí á fi máa ṣàn padà lẹ́nu ihò. Ibẹ̀ ló kún dé. Ẹ dì í pa, kó le, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, torí irin dífì náà kò le tó bẹ́ẹ̀, òwú nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ lè jẹ.

Ẹ padà sí pápá yẹn, ẹ yí òbìrípo lápá òsì, ẹ yí i lápá ọ̀tún, kí ọ́ìlì tuntun lè wọ àárín pélétì. Nígbà mìíràn ariwo á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá dín kù tí kò tán, ọ́ìlì àtijọ́ tó ṣẹ́kù láàárín pélétì ti pò mọ́ tuntun. Ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún un pààrọ̀. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, pélétì ti jẹ tán.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, Honda yẹn ló bá mu. Toyota RAV4 ti 2001 sí 2005 àti Lexus RX 300 ti 1999 sí 2003 ní ètò tiwọn. Àwọn yẹn ní dífì kan láàárín, tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn nígbà gbogbo, àti àpótí kékeré kan tí wọ́n dé pa, tí òróró sílíkónì tó ki wà nínú rẹ̀, tó ń dí ẹ̀gbẹ́ tó bá fẹ́ sáré jù lọ́wọ́. Yíyọ pùròpẹ́là wọn burú ju ti Honda lọ. Bí ẹ bá yọ ọ́, agbára á fẹ́ gba ẹ̀yìn tí kò sí ohun tó dá a dúró mọ́ sá lọ, àpótí sílíkónì yẹn nìkan ló kù tó ń gbé ọkọ̀ rìn. Á gbóná, á sì bàjẹ́, ìyẹn ò sì ṣeé pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Amẹ́ríkà, tí ẹ ń wa Subaru àtijọ́ oní-gíà ọ̀tọ́mátíìkì mẹ́rin, tí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn tàbí tó ń ta kébé-kébé nígbà tí ẹ bá ń yí kọ̀rọ̀ nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ FWD sí nínú àpótí fíúsì. Ẹ ki fíúsì 15A bọ̀ ọ́, kí ẹ tún ṣe òbìrípo yẹn. Bí fífà náà bá lọ, pélétì kílọ́ọ̀ṣì inú gíà rẹ̀ kò tíì lẹ̀ pọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ná, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí mẹkáníìkì fẹ́ gbà. Ẹ yọ fíúsì náà lẹ́yìn tí ẹ bá dán an wò tán. Subaru fúnra wọn ní kí ìyípo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má fi ju mìlímítà 6 lọ yàtọ̀ síra wọn.

Bí irú ọkọ̀ wọ̀nyí bá kú sójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá máa wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn á máa yí nígbà tí iwájú dúró, gbogbo ìyàtọ̀ yẹn á sì forí lé inú dífì títí ẹ óo fi délé. Ẹ bi awakọ̀ tówì léèrè kó tó so okùn rẹ̀ bóyá ọkọ̀ rẹ̀ lè gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀. Bí kò bá lè gbé e, ẹ pe ẹlòmíràn.