Àwọn Tó Ń Ṣáájú Èrò Dé Kámpù

Kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Kámpù ìjọ Rìdíìmù fún àpéjọ ọdọọdún oṣù Kẹjọ, àwọn kan ti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Àwọn ló ń fa wáyà, tí wọ́n ń gun irin lọ so sípíkà, tí wọ́n ń to àga, tí wọ́n ń sàmì síbi tí ọkọ̀ yóò dúró sí. Bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà kì í yà sọ́dọ̀ wọn.

Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó bá ti Àjùwọ̀n ń lọ síbi iṣẹ́ yìí yóò gba Akútè jáde sí Ọjọ́dù Berger ní ilẹ̀ Èkó, yóò kọjá Long Bridge lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà màlúù Káàrà, kó tó dé Ìbàfò, lẹ́yìn náà Mowé. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ilé rẹ̀ wà, Ògùn náà ni ibi iṣẹ́, síbẹ̀ ó dìgbà tó bá la Èkó kọjá. Onírinṣẹ́ tó gbọ́n kì í fi ìrìn náà sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ìsìn òru Rìdíìmù máa ń fún ọ̀nà náà pa.

Kámpù ọ̀hún kò dá nìkan wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Prayer City ti ìjọ MFM wà ní kìlómítà 12, nítòsí Ìbàfò. Ti ìjọ Deeper Life wà ní kìlómítà 42, Rìdíìmù sì wà ní 46. 

Josiah Akíndáyọ̀mí ló dá Rìdíìmù sílẹ̀ ní 1952. Ìgbà tó di 1983 ni ìjọ náà ra ilẹ̀ bíi hẹ́kítà mẹ́rin ní Loburo, lẹ́bàá Mowé. Igbó ni. Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá 1998, etíkun Lẹ́kí ni wọ́n ti ṣe àpéjọ ńlá kan. Lórí iyanrìn, kò sí òpó, kò sí òrùlé: gbogbo ohun tí ènìyàn fẹ́ lò ló gbọ́dọ̀ rù wá, kó sì rù padà. Ohun tí kámpù mú kúrò lọ́rùn alágbàṣe nìyẹn.

Ohun tí kò mú kúrò ni ìṣòro ohùn. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn kì í rìn ju bíi mítà 340 lọ. Ẹni tó jókòó sí ìwọ̀n kìlómítà kan sí pẹpẹ yóò rí ẹnu oníwàásù tó ń mì lójú amóhùnmáwòrán ńlá, ṣùgbọ́n ohùn tó ti iwájú wá yóò fi bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta pẹ́. Bí wọ́n bá kàn so sípíkà mọ́ òpó káàkiri, èyí tó wà nítòsí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ti iwájú yóò wá dé bí ẹni ń sín in jẹ, “Halelúyà” kan yóò di mẹ́ta. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ dá ohùn sípíkà ẹ̀yìn dúró díẹ̀díẹ̀, ìlà dé ìlà, kó lè bá ti iwájú ṣe déédéé. Ẹnìkan á máa sọ̀rọ̀ níwájú, ẹnìkejì á máa fi ẹsẹ̀ rin gbọ̀ngàn náà já, á máa tẹ́tí. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kì í ṣe ti agbára nìkan.

Ní 2020 tí àrùn Kòrónà dé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ti bá wọn ṣe àpéjọ. Èrò lè jókòó sílé. Ẹni tó ń bójú tó kámẹ́rà àti iná kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń wá pàgọ́ sí nígbà kan ti di ìlú. Ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní 2017 pé ilé inú kámpù náà tó 5,000, pé ó ní ilé-ìfowópamọ́ àti iléeṣẹ́ iná mànàmáná tirẹ̀, mẹ́gáwáàtì 25.

Oríṣi méjì ni àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ìpalẹ̀mọ́ yìí níbi àpéjọ gbogbo, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan fi ń sin Ọlọ́run ni, wọ́n á tìtorí rẹ̀ gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Àwọn yòókù, owó òòjọ́ ni wọ́n wá wá. Irin kan náà ni àwọn méjèèjì ń gùn. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àpéjọ fún wọn ní akoto àti bẹ́líìtì ààbò kí wọ́n tó gòkè, kí ẹ wá ibi tí wọn yóò sùn sí, kí owó alágbàṣe sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó tó forí lé ilé.