Agbára Tí A Fi Ń Dìde

Ní ọjọ́ kan, mo lọ kí ìyá àgbàlagbà kan ní Másífà. Mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, lórí àpótí tí wọ́n jókòó lé gé ilá. Ilá ti tán nílẹ̀ tipẹ́, oòrùn sì ti ká wọn mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè dìde. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú, ẹ bá mi na ọwọ́." Mo na ọwọ́, mo fà wọ́n, ẹ̀yìn mi dún bí igi gbígbẹ, díẹ̀ ló kù kí àwa méjèèjì ṣubú. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tí ń kọjá lọ ni ó gbé wọn dìde. Ọmọ wọn tí ìbá ṣe é wà ní Àbíjàn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì rò pé ara mi ṣì le. Ìyá yìí kò ṣàìsàn. Agbára ni kò sí ní itan wọn mọ́, kò sì sí ní apá àti ẹ̀yìn tèmi náà.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ní agbègbè Èjìgbò ni a mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Láti ayé àwọn bàbá wa ni àwọn ọmọ wa ti ń lọ sí Ivory Coast. Owó ń ti ibẹ̀ wá, a fi ń kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í fi ọwọ́ tí ń gbéni dìde ránṣẹ́ láti Àbíjàn.

KÍ NI Ó Ń GBA AGBÁRA LỌ?

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, iṣan ara ènìyàn a máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí a kò bá fún un ní iṣẹ́. Bí a bá kọjá ọgọ́ta ọdún, ó ń yára sí i. Nígbà tí a ń kọ ebè, tí a ń gún iyán, tí a ń pọn omi lódò, a kò mọ̀ pé a ń tọ́jú iṣan. Lónìí, ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ wa láti Másífà dé Èjìgbò. Iṣan tí kò ríṣẹ́ ṣe a máa rù.

Ṣùgbọ́n ó lè padà. Ní ọdún 1990, àwọn oníṣègùn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn arúgbó mẹ́wàá tí wọ́n tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun tó wúwo. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ju ìlọ́po méjì lọ. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa ṣe irú eré ìdárayá yìí, ó kéré tán, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ Ó LÒ

Ẹ kò ní san owó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wá àga tó dúró gírí àti kẹ́ẹ̀gì méjì tó ní ọwọ́ ìdìmú. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún jẹ́ kílò 5. Bí ó bá wúwo jù, ẹ da ìdajì rẹ̀ nù.

1. Dídìde lórí àga. Ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ dìde, kí ẹ sì rọra padà jókòó. Bí ó bá ṣòro, ẹ fi tìmùtìmù gbé ìjókòó náà ga.

2. Títi ògiri. Ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e ní ọ̀gangan àyà. Ẹ ká ìgúnpá títí àyà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà.

3. Fífa kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi ọwọ́ kan di àga mú, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ̀yìn gún. Ẹ fi ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́.

4. Gbígbé kẹ́ẹ̀gì rìn. Kẹ́ẹ̀gì kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nàró, kí ẹ rin ogún ìṣísẹ̀.

Ẹ ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ mẹjọ, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ṣe é ní Ọjọ́ Ajé, ẹ tún ṣe é ní Ọjọ́bọ̀. Ìgbà tí a bá sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀mẹjọ bá ti rọrùn, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejìlá. Bí ìyẹn náà bá rọrùn, ẹ fi omi kún kẹ́ẹ̀gì. Ẹ má gbàgbé ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, nítorí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara fi ń mọ iṣan.

ÌKÌLỌ̀

Ẹ má ṣe sé èémí. Ẹ máa mí síta bí ẹ bá ń gbé nǹkan. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí ìpá, ẹni tó lóyún, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Bí àyà bá ń dunni tàbí òòyì bá ń kọ́ni, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ rí wọn.

Àwọn kan yóò rán mi létí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì, pé èrè eré ìdárayá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìwà-bí-Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ní kí a sọ èyí tó wà níbẹ̀ nù.

Ìyá wa ní Másífà fi tìmùtìmù méjì bẹ̀rẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin sì ń dúró tì wọ́n. Ní oṣù kẹta, wọ́n dìde lórí àga láìfi ọwọ́ kan nǹkan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àpótí ṣì ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de ọlọ́kadà mọ́ kí wọ́n tó kúrò lórí àga. Èmi náà ń ti ògiri mi.

Ẹ fa àga yín sí ògiri lónìí. Kí Olúwa fún wa ní okun láti máa dìde.